Ọ̀já Ẹsẹ̀: Ìtàn Jàbùtẹ̀ àti Aṣọ Tí A Fi Ń Di Ẹsẹ̀ Wíwú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ó lè dàbí ohun kékeré létí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè wọ bàtà, tí kò lè dé oko, tí kò sì lè dúró lọ́jà, òun ni ó mọ̀ pé ìyà ẹsẹ̀ ni ìyà gbogbo ara. Ohun mẹ́ta ni a ó wádìí: èkíní, ohun tí àwọn baba wa rí tí wọ́n sì rò nípa ẹsẹ̀ wíwú; èkejì, bí àwọn ènìyàn ilẹ̀ mìíràn ti kọ́ láti fi aṣọ, awọ àti rọ́bà dì í, àti bí a ti mọ ohun tí ń fà á; ẹ̀kẹta, ohun tí ó yẹ kí àwa pẹ̀lú ṣe.

I. Ohun tí àwọn baba wa rí

Ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ aboyún a máa wú ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ arúgbó tí ó jókòó sórí àga láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ a máa wú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò sẹ́ omi dáradára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú. Obìnrin tí ń dúró tajà, ọkùnrin tí ń dúró ti iṣẹ́ ọwọ́ ní ojoojúmọ́, iṣan ẹsẹ̀ wọn a máa yọ bí okùn, ẹsẹ̀ náà a sì wú. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn baba wa bẹ̀rù jùlọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní jàbùtẹ̀: ẹsẹ̀ tí ó wú tí kò tún fà mọ́, tí awọ rẹ̀ nípọn tí ó sì le bí èèpo igi, títí ìka ẹsẹ̀ fi rì sínú ẹran ara. Ní ti ọkùnrin, ìpá a máa bá a rìn, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti fi hàn níwájú.

Àrùn yìí kì í dé ní ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ a wú ní alẹ́, ilẹ̀ a mọ́, a ti fà. Lẹ́yìn èyí, ibà a dé pẹ̀lú òtútù. Ẹsẹ̀ a gbóná, a pọ́n, a sì máa dunni. Ibà náà a lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n wíwú tí ó bá a wá kì í bá a lọ tán. Bí ibà bá ti ń padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tóbi sí i, títí ọdún 10 tàbí 20 yóò fi kọjá, tí ẹni tí ó ń sáré lóko tẹ́lẹ̀ yóò sì di ẹni tí ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Kí ni àwọn ènìyàn wa sọ pé ó fà á? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wí pé ẹni náà tẹ nǹkan mọ́lẹ̀: pé ọ̀tá kan sin oògùn sí ojú ọ̀nà, tí olúwarẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ gbà á. Kì í ṣe àìní làákàyè ni ó mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ ni ó wú, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ẹnì kan ni ó mú nínú agbo ilé, tí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹni tí kò ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kò lè rí ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ìrònú yìí bí. Owó tí ó yẹ kí a fi tọ́jú ẹsẹ̀ ni a fi ń wá ọ̀tá kiri. Aládùúgbò a di ẹni ìfura. Orogún a di ẹni ẹ̀sùn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í bọ́ nínú ẹ̀sùn náà, nítorí àwọn mìíràn a wí pé bí kò bá ṣe ibi, ibi kì bá tí bá a. Bí ọmọbìnrin tí a fẹ́ gbé níyàwó bá ní in, àwọn àna a yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Bí ó bá jẹ́ ìyá ilé ni, a tẹ́ ẹní fún un ní yàrá ẹ̀yìn, a da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, tí ó ń mú wa wọ ilé ẹni gbogbo, a ti bá irú wọn bẹ́ẹ̀ jókòó, a sì lè jẹ́rìí pé ìtìjú ń dùn wọ́n ju ẹsẹ̀ náà lọ.

Síbẹ̀, irinṣẹ́ ìtọ́jú kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ aláṣọ ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láti ìgbà láéláé. Ní ọ̀rúndún 17, àwọn oníṣòwò láti òkè òkun ń ra aṣọ tí a hun ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ń kó o lọ tà ní Etíkun Góòlù. Kò sí ilé tí kò ní ọ̀já. Ọ̀já ni ìyá fi ń pọn ọmọ. Ọ̀já ni a fi ń di ikùn ìyá ìkókó lẹ́yìn ìbímọ kí ó lè padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀já ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ agbára ń gbà mọ́ ìbàdí. Àwọn tí ń to egungun pẹ̀lú a máa fi aṣọ àti ọparun di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. Nítorí náà, àwọn baba wa mọ̀ dájú pé aṣọ tí a dì dáradára a máa gbé ara ró. Ohun tí ó kù ni ìmọ̀ tí yóò so ọ̀já pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ jàbùtẹ̀. Ẹni tí ó sì gbà pé ọ̀tá ni ó rán àìsàn kì í wá aṣọ, ètùtù ni yóò wá.

II. Bí ọ̀já ti di ìbọ̀sẹ̀

Ẹ má ṣe rò pé ìmọ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó ní ọjọ́ kan. Ó ti lé ní ọdún 2,300 tí àwọn ìwé tí a ń fi orúkọ Hippocrates, dókítà ilẹ̀ Gíríìkì, pè ti sọ̀rọ̀ nípa dídi ẹsẹ̀ tí ó ní egbò. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rúndún ń gorí ọ̀rúndún, a ń di ẹsẹ̀, a kò sì mọ ìdí tí dídì náà fi ń ṣe ènìyàn lóore. Ní 1628 ni William Harvey, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ a máa yí ara po, pé ọkàn ni ó ń tì í jáde, àti pé àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké ń bẹ nínú iṣan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ń padà sí ọkàn tún ṣubú sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn èyí, Olaus Rudbeck ní Sweden àti Thomas Bartholin ní Denmark rí ọ̀nà mìíràn nínú ara, tí kò gbé ẹ̀jẹ̀ bí kò ṣe omi tí ó mọ́ gaara. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, omi ara ni a ó máa pè é. Ọ̀nà omi ara yìí ni ó ń kó omi tí ó bá kù sínú ẹran ara padà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kókó tí ó wà ní orí itan àti ní abẹ́ abíyá sì dàbí oníbodè tí ń yẹ ẹrù wò lójú ọ̀nà.

Ní 1676, Richard Wiseman, oníṣẹ́-abẹ Ọba Charles II ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ìbọ̀sẹ̀ awọ tí a ń fi okùn fà pọ̀ bí ìgbà tí a bá ń so bàtà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ bá ti ń fà, a lè tún okùn rẹ̀ fà kí ó tún fún. Ní 1797, Thomas Baynton ti ìlú Bristol tẹ ìwé jáde lórí bí ó ti ń fi aṣọ alẹ̀mọ́ di egbò ẹsẹ̀ tí ó ti pẹ́. Àwọn aláìsàn rẹ̀ sì ń rìn kiri lórí ẹsẹ̀ náà, wọn kò dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá, nítorí ó fi hàn pé ẹsẹ̀ tí a dì tí ó sì ń rìn a máa sàn ju ẹsẹ̀ tí a dì tí a gbé kalẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n awọ kì í nà, aṣọ ọ̀gbọ̀ a sì máa tú. Rọ́bà ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, rọ́bà a máa yọ́ nínú ooru, a sì máa gan nínú òtútù. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà tí a sì fi iná yá a, yóò máa nà, yóò sì máa padà sí ipò rẹ̀, nínú ooru àti nínú òtútù. Ní 1848, William Brown gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìbọ̀sẹ̀ tí ń nà, tí a fi òwú rọ́bà ṣe.

Níhìn-ín ni ìtàn náà ti kan ilẹ̀ wa. Ní oṣù May 1892, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, ọ̀nà tí àwọn baba wa ti sé mọ́ àlejò sì ṣí sílẹ̀. Kò ju ọdún 3 lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn tí ń gba rọ́bà ti kún inú igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ti àwọn aládùúgbò wa. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tí a kó jáde láti Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Wọ́n ṣá àwọn igi náà láìdáwọ́dúró títí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi kú, ọrọ̀ náà sì wọmi láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ rò ó wò: irú ohun tí a fi ń hun ìbọ̀sẹ̀ aláìsàn ní òkè òkun ń jáde láti inú igbó wa, nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ wíwú tiwa jókòó ní yàrá ẹ̀yìn, tí a ń bi í léèrè ẹni tí ó ṣẹ̀.

Ní ọdún 1892 kan náà, Alexander von Winiwarter, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Austria tí ń kọ́ni ní Liège ní ilẹ̀ Belgium, kọ̀wé lórí ìtọ́jú jàbùtẹ̀. Ó ní kí a mú awọ ẹsẹ̀ mọ́, kí a fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ darí omi sí òkè, kí a di ẹsẹ̀ náà, kí a sì mú un ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́rin yìí kò tíì di àtijọ́ títí di òní. Ẹni tí ó tún ìbọ̀sẹ̀ ṣe dé ipò tí ó wà lónìí ni Conrad Jobst, ẹnjiníà ọmọ Jámánì tí ó ń gbé ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà. Òun fúnra rẹ̀ ní àrùn iṣan ẹsẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé bí òun bá dúró nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́, ara a máa tu ẹsẹ̀ òun. Ó ronú sí i, ó rí i pé omi a máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ju bí ó ti ń tẹ itan lọ, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi ti jìn. Ní 1950, ó ṣe ìbọ̀sẹ̀ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ó fún ní ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń dẹ̀ bí ó ti ń gòkè lọ. Ìlànà yìí ni gbogbo ayé ń tẹ̀lé nísinsìnyí.

III. Bí a ti mú olè náà

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn òyìnbó pàápàá ń di ẹsẹ̀ jàbùtẹ̀ láìmọ ohun tí ń fà á. Ní 1863, Demarquay ní Paris rí aràn kékeré kan nínú omi ìpá. Ní 1866, Otto Wucherer rí irú rẹ̀ nínú ìtọ̀ aláìsàn kan ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Bahia ni ìlú tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ lẹ́rú, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé àrùn yìí kọjá òkun láti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1876, Joseph Bancroft ní ìlú Brisbane ní Australia rí ìyá aràn náà, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi orúkọ Wucherer àti Bancroft pe aràn náà títí di òní.

Báwo ni ó ṣe ń wọ ara ènìyàn? Patrick Manson, dókítà ọmọ Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amoy ní ilẹ̀ China, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà. Ní 1877, ó jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní aràn náà lára, ó tú ẹ̀fọn náà wò, ó sì rí i pé ọmọ aràn ń dàgbà nínú rẹ̀. Ó tún rí i pé òru ni ọmọ aràn ń jáde wá sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ, àkókò náà gan-an tí ẹ̀fọn ń jẹ. Ṣùgbọ́n Manson rò pé inú omi mímu tí ẹ̀fọn kú sí ni ènìyàn ti ń gba aràn náà. Ọdún 23 kọjá kí a tó tún èrò yìí ṣe. Ní 1900, George Carmichael Low ní London yẹ àwọn ẹ̀fọn tí a fi ránṣẹ́ láti Australia wò, ó sì rí ọmọ aràn náà ní ẹnu ẹ̀fọn, tí ó ń dúró de ẹni tí ẹ̀fọn yóò jẹ. Ní ọdún kan náà, àwọn dókítà ilé-ẹ̀kọ́ Liverpool, Annett, Dutton àti Elliott, wá sí Nàìjíríà láti wádìí ibà. Ní 1901 ni ìwé wọn lórí aràn yìí jáde. Ó ti hàn gbangba nísinsìnyí pé ní ìgbèríko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdílé ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri náà ni ó ń gbé jàbùtẹ̀ kiri.

Ọ̀nà omi ara ni aràn náà ń fi ṣe ilé. Ó lè gbé ibẹ̀ fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà náà a fẹ̀, a bàjẹ́, omi kò ní lè gòkè dáradára mọ́, yóò sì máa kó jọ sí ẹsẹ̀, tàbí sí ìpá nínú ọkùnrin. Nígbà tí omi bá ti dúró sójú kan, awọ a sán, pàápàá láàárín ìka ẹsẹ̀; ibẹ̀ ni kòkòrò mìíràn tí ojú kò lè rí ń gbà wọlé, òun ni ó sì ń fa ibà olótùútù tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ti ohun tí ó rú àwọn baba wa lójú, pé èéṣe tí ó fi mú ẹnì kan tí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ rèé: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀fọn ní láti jẹ ènìyàn kí aràn tó gbilẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé aràn náà kiri tí ẹsẹ̀ wọn kò wú rárá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ni a rí. Àwọn yòókù wà láàárín wa láìsí àmì.

Ohun kan yóò yà yín lẹ́nu. Ní orí òkè ilẹ̀ Ethiopia, ẹsẹ̀ wíwú kan wà tí kò ti ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn wá. Ernest Price, dókítà tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, fi hàn pé erùpẹ̀ pupa tí ó ti inú òkè oníná wá ni ó ń gba awọ àgbẹ̀ tí kò wọ bàtà wọlé, tí ó sì ń ba ọ̀nà omi ara jẹ́. Ní ilẹ̀ náà, ohun tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó fà á nítòótọ́! Síbẹ̀, kò sí ọ̀tá tí ó sin ín síbẹ̀, bàtà àti ọṣẹ ni wọ́n sì fi ń ṣẹ́gun rẹ̀.

IV. Bí ọ̀já ti ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Gbogbo ìyá tí ó wà níhìn-ín mọ òfin ọ̀já. Bí ó bá dẹ̀ jù, ọmọ a yọ̀ ṣubú. Bí ó bá fún jù, ọmọ a ké. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹsẹ̀. Ẹran ojúgun a máa sún kì bí a bá ń rìn, a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ àti omi ara sí òkè. Lára ẹsẹ̀ tí ó wú, awọ ti rọ̀, kò sí ohun tí ẹran náà yóò fi ẹ̀yìn tì. Aṣọ tí a dì ni ó di ògiri fún un: bí ẹran bá sún kì, ògiri kò yẹ̀, omi a sì gba òkè lọ. Nítorí ìdí èyí, ẹni tí ó di ẹsẹ̀ tí kò rìn ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní agbedeméjì.

Ní ti ọ̀nà dídì, láti ìdí ìka ẹsẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó bo gìgísẹ̀, a ó sì gòkè títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo, nítorí ibi tí a bá fi sílẹ̀ ni omi yóò sá sí. Ó gbọ́dọ̀ fún ní ọrùn ẹsẹ̀ ju òkè lọ. Òwúrọ̀ ni a ń dì í, kí ẹsẹ̀ tó wú. Bí ìka bá tutù, bí ó bá kú tipiri, bí ó bá dúdú tàbí tí ó ń dunni, kí a tú u lójú kan náà. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni ó ti jẹrà tí a sì gé ní ilẹ̀ wa nítorí pé a fi ọparun àti aṣọ di egungun tí ó ṣẹ́ ní ìdì tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè kọjá. Bándéèjì ni a kọ́kọ́ fi ń mú ẹsẹ̀ fà. Nígbà tí ó bá ti fà tán bí yóò ti fà, a ó wọn ọ́n, a ó sì ra ìbọ̀sẹ̀ tí ó bá a mu. Ìbọ̀sẹ̀ náà kì í pẹ́ títí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, ó ti dẹ̀, a sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ di ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ wọ́n wò: ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáradára, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, nítorí omi tí a bá tì kúrò lẹ́sẹ̀ yóò lọ wọ ọkàn tí kò lágbára láti gbé e. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì tí ó sì ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan rẹ̀. Bí ojú àti ọwọ́ aboyún bá wú, tí orí sì ń fọ́ ọ, ewu ńlá ni. Ilé-ìwòsàn ni kí àwọn wọ̀nyí yá sí ní ọjọ́ náà gan-an. Bákan náà, nígbà tí ibà ẹsẹ̀ bá wà lára, kí a má dì í. Kí a fi omi tútù tù ú, kí a gbé e sókè, kí a sì gba oògùn lọ́wọ́ dókítà.

Nínú ooru ilẹ̀ wa, bándéèjì tí ó tutù nítorí òógùn a máa ba awọ jẹ́, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn ní méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ. Owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí wọn kò lówó yóò kì wá láyà. Ní Recife ní ilẹ̀ Brazil, dókítà obìnrin kan, Gerusa Dreyer, rí i pé ohun tí ń sọ ẹsẹ̀ wíwú di jàbùtẹ̀ ńlá ni ibà tí ń gba ojú awọ sísán wọlé. Ó kọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀ láti fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, láti nu àárín ìka gbẹ, láti gbé ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n sì máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Ó sì kó wọn jọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ìrètí, kí ẹnì kan lè máa gba ẹnì kejì níyànjú. Ní Kasaragod ní ilẹ̀ India, àwọn dókítà so fífọ ẹsẹ̀ àti oògùn ìbílẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ dídì, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé láti máa dì í fún ènìyàn wọn. Ọṣẹ kò wọ́n ní Òdógbólú. Omi wà. Ọwọ́ ará ilé wà.

V. Ohun tí ó kù fún wa

Kí a má tan ara wa jẹ: ọ̀já kì í pa aràn, oògùn aràn kì í sì í mú ẹsẹ̀ tí ó ti le fà. Àwọn méjèèjì ni a nílò. Ní 1947 ni a ti rí oògùn àkọ́kọ́ tí ó lágbára lórí ọmọ aràn yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ivermectin dé, èyí tí Satoshi Ōmura ti Japan àti William Campbell ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí a sì fún wọn ní Ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn yìí tọrẹ nítorí àrùn ojú fífọ́ ti etí odò. Ní 1998, a fi jàbùtẹ̀ kún un, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi albendazole tọrẹ pẹ̀lú. Ní 1997, ìpàdé ìlera gbogbo àgbáyé pinnu pé a ó lé àrùn yìí kúrò, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2000: kí gbogbo ará ìlú tí àrùn náà wà máa gbé oògùn mì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti ẹni tí ó ń ṣàìsàn àti ẹni tí kò ṣe é.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Ní 2017, a fọwọ́ sí i pé Togo, tí àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ń gbé inú rẹ̀, ti ṣẹ́gun àrùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ìyọnu fún ìlú mọ́. Òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù Sàhárà tí ó dé ibẹ̀. Nínú Nàìjíríà tiwa, ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa ti dá oògùn náà dúró nítorí pé aràn kò tàn kálẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí pọ̀ sí jùlọ ní ayé. Nígbà tí àwọn olóògùn bá dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan a wí pé ara àwọn le, kí ni àwọn yóò fi oògùn ṣe. Ẹ rántí ẹni tí ń gbé aràn kiri láìsí àmì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ̀yin ará, ìtàn tí a ti sọ yìí fi ohun kan hàn kedere. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, àwọn ènìyàn di ẹsẹ̀ láìmọ aràn, ara sì tu àwọn aláìsàn. Ìtọ́jú ṣáájú ìmọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀sùn ni ó ṣáájú, ẹ̀sùn sì dí ìtọ́jú lọ́nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀já ń bẹ lórí okùn nínú ilé. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fi lé yín lọ́wọ́ kò nira. Bí ẹnì kan bá wà ní yàrá ẹ̀yìn nínú agbo ilé yín, ẹ wọlé tọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹ má bi í ní ohun tí ó tẹ̀. Ẹ bu omi, ẹ fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ nu àárín ìka rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e lé ìrọ̀rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, ìbáà ṣe èyí tí ó wà nítòsí, ìbáà ṣe ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò, kí wọ́n sì kọ́ ẹnì kan nínú ilé bí a ti ń dì í. Ẹ ta àpò ẹ̀fọn sórí ibùsùn àwọn ọmọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọkùnrin, bí ó bá fẹ́ ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀, ẹ má tu ìfẹ́ wọn ká nítorí ohun tí ẹ̀fọn ṣe. A kì í jogún rẹ̀, a kì í sì í kó o nípa bíbá ara ẹni gbé.

Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó dìde.